Ẹ̀GÀN NÍNÚ AṢỌ Ọ̀WỌ̀

Ẹ ka Mátíù 27:27-31 àti Kólósè 4:6.



Ní ilẹ̀ wa, a ní ohun kan tí a ń pè ní òkò ọ̀rọ̀. Kì í ṣe èébú gbangba. Aṣọ ìyìn ni ó máa ń wọ̀. Bí ọmọ bá fọ́ àwo, ìyá rẹ̀ a wí pé, "O ṣeun o, ọmọ rere," ọmọ náà a sì mọ̀ pé kì í ṣe ọpẹ́ ni a ń dá fún òun. Àwọn baba wa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ àbọ̀ náà di odindi, bí olùgbọ́ bá jẹ́ àlejò tí kò bá wa dàgbà?

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí ojú mi rí ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọ wa ní ìhà Oniru. Kí ìjọba ológun tó wó Máròkó ní oṣù Keje ọdún 1990, onírúurú ẹ̀yà ni ó ti ń gbé létí òkun àti ọ̀sà níhà ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí: Yorùbá, Ìgbò, Ègùn àti Haúsá ń gbé ní àdúgbò kan náà, wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ilé Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ìyàwó ọ̀dọ́ kan tí a bí ní ìhà kejì odò Ọya wá kí ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sì kí i bí a ti ń kí àgbà ní ilé tirẹ̀. Ó dun ìyá, n kò sì dá a lẹ́bi pé ó dùn ún, nítorí láti kékeré ni a ti kọ́ ọ pé ọmọ tí kò kúnlẹ̀ kí àgbà kò ní ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kò wí pé, "Ọmọ mi, báyìí ni a ń ṣe níhìn-ín." Ó wí pé: "Háà! Ẹ káàbọ̀ o, Olorì. Ẹ má ṣe kúnlẹ̀ o, kí aṣọ yín má baà dọ̀tí. Ẹ bá wa gbé àga fún Olorì!"

Ọmọ Yorùbá ọlọ́dún méje yóò ti mọ̀ pé nígbà tí ẹni tí ó lè bí ni lọ́mọ bá ń fi "ẹ" bá ni sọ̀rọ̀, òkò ti kúrò lọ́wọ́. Ìyàwó náà kò mọ̀. Ó rò pé àpọ́nlé ni. Ó dúpẹ́, ó sì jókòó lórí àga tí a gbé wá. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí ń kọ̀wé yìí, tí ẹ̀wù ìsìn ṣì wà lọ́rùn mi, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹnìkan túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Láti ìgbà náà, a kò rí i ní ìjọ mọ́.

Ẹ̀yin ará, ìwà rere kì í ní ìrísí kan náà ní gbogbo ilẹ̀. Bí àgbà bá ń bá ọmọ Yorùbá wí, ilẹ̀ ni ọmọ náà yóò máa wò; olùkọ́ òyìnbó lè rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Bí òyìnbó bá fi ẹsẹ̀ kọ, àwa a pẹ̀lẹ́ fún un. Bí a bá sì sọ ọ́ ní èdè rẹ̀, ẹnu a yà á, nítorí létí rẹ̀, ẹni tí ó jẹ̀bi ni ó ń tọrọ àforíjì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú rí. Fúlàní àti Kànúrí a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láìsí ìbínú. Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO ka irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Niger mọ́ ogún àṣà aráyé. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ ọdún Òkè Bàdàn, a máa ń bu ara ẹni láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: tọ̀túntòsì ni ó mọ̀ pé eré ni, ẹni tí a sọ ọ́ sí sì lè dá a padà. Àlejò tí kò gbọ́ èdè kò lè dá òkò padà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Èlíjà kò ha fi àwọn wòlíì Báálì ṣe ẹlẹ́yà lórí òkè Kámẹ́lì?" Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn jẹ́ 450, òun nìkan ni ó dá dúró, òrìṣà èké ni ó sì ń dójú tì. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, àwa ni a pọ̀, ẹni tí ó wá sin Ọlọ́run ni a sì dójú tì.

Ẹ padà sí ìwé Mátíù. Àwọn ọmọ-ogun wọ Olúwa wa ní aṣọ ọba, wọ́n fi adé ẹ̀gún dé e lórí, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, wọ́n kúnlẹ̀! Eékún wọn wà nílẹ̀, oyè ọba sì wà lẹ́nu wọn. Bí ó bá jẹ́ eékún ni a fi ń wọn ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ tiwọn pé. Síbẹ̀ ẹ̀gàn ni gbogbo rẹ̀, itọ́ ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ní ìjọ wa, ẹni tí kò kúnlẹ̀ ni ó mú ọ̀wọ̀ wá; àwa tí a mọ ìkúnlẹ̀, tí a sì mọ "ẹ", ni a di ọmọ-ogun.

N kò wí pé kí a sọ ìkúnlẹ̀ nù. Ogún rere ni. Ẹ̀yin tí ẹ wá gbé láàrin wa, ẹ rántí Ábúráhámù, àlejò ní Hébúrónì, tí ó tẹ ara rẹ̀ ba níwájú àwọn onílẹ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 23:7). Ẹ béèrè àṣà ibi tí ẹ dé. Ẹ̀yin onílé, ẹ kọ́ wọn kí ẹ tó dá wọn lẹ́jọ́. Bí nǹkan bá dùn yín, ẹ sọ ọ́ ní tààrà, pẹ̀lú iyọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè. Iyọ̀ a máa mú ọbẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bù ú sójú egbò, títa ni yóò máa ta ni.

Mo lọ bá ìyá náà, mo sì jẹ́wọ́ ẹ̀rín mi. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó mú gèlè rẹ̀, a sì jọ lọ sí ilé ìyàwó náà. Ìyá kò fi òwe bẹ̀bẹ̀. Ó wí pé, "Ọmọ mi, mo fi ọ́ ṣẹ̀sín. Jọ̀wọ́, forí jì mí." Ìyàwó náà sunkún, kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Ó tó oṣù méjì kí a tó tún rí i nílé Ọlọ́run. Nígbà tí ó wọlé, ìyá kò dúró de ìkúnlẹ̀. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Kí Olúwa, ẹni tí a kúnlẹ̀ fún pẹ̀lú ẹ̀gàn tí kò sì fi ẹ̀gàn dáhùn, ṣọ́ ẹnu wa àti ẹ̀rín wa. Àmín.