Ikú Tí Ọlọ́hun Fi Ń Ṣọ́ Ìyè

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ẹ jẹ́ kí á wo ọwọ́ wa. Nínú Súrátul-Qiyāmah, Ọlọ́hun mẹ́nu ba ọmọ ìka láti fi dá àwọn tí ń ṣiyèméjì nípa àjíǹde lóhùn. Nígbà tí a wà nínú oyún, àwọn ìka wọ̀nyí kò yà síra. Awọ so wọ́n pọ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ikú ni ó yà wọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tí a fi mọ ara wa, tí wọ́n wà láàrin ìka kan sí èkejì, gba àṣẹ láti kú, wọ́n sì kú. Bí wọ́n bá kọ̀ ni, ọwọ́ tí a fi ń ṣe àlùwàlá kì bá tí rí báyìí.

Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, pe irú ikú yìí ní apoptosis, orúkọ tí wọ́n yá láti inú èdè Gíríìkì, nítorí ó jọ bí igi ṣe ń wọ́wé. Ẹ wo bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń lọ. Ó súnkì, ó gé ìwé àṣẹ inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó di ara rẹ̀ ní ẹrù kéékèèké, àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì kó o jẹ. Kò sí ọyún, kò sí wíwú. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí iná jó a máa bẹ́, ohun inú rẹ̀ a sì tú dà sára àwọn tó yí i ká. Ìrora a dé. Àwa tí a máa ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ogún ní Ìkòsì yìí mọ ìyàtọ̀ náà. Baba kan lọ, ó ti san gbèsè, ó ti ṣe àsọọ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì jọ ń jẹun. Baba mìíràn lọ, ilé dàrú títí dé kóòtù.

Sẹ́ẹ̀lì tó kọ ikú ńkọ́? Ní ọdún 1958, dókítà Denis Burkitt kọ̀wé láti Ùgáńdà nípa kókó kan tí ń yọ sí àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jẹjẹrẹ ni. Ibi tí ibà ẹ̀fọn bá pọ̀ sí ni ó ti wọ́pọ̀, nítorí náà kò jìnnà sí wa. Àwọn dókítà UCH ní Ìbàdàn ti ń tọ́jú rẹ̀ tipẹ́. Nínú àrùn náà, àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ kò dákẹ́ mọ́, etí wọn sì ti di sí àṣẹ ikú. Ní 1963, wọ́n mú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdékùnrin kan, ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ohun tó lé ní 60 ọdún, wọ́n ṣì ń pọ̀ sí i nínú ìgò ní àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé. Wọn kò lójú, wọn kò lọ́wọ́, wọn kò lè forí kanlẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá. A máa ń tọrọ ẹ̀mí gígùn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí gígùn ti inú ìgò kọ́ ni à ń tọrọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ibí yìí sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ fún arúgbó tàbí aláìsàn. Rárá o! Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ènìyàn, a kò ní bi í léèrè lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọlọ́hun ṣe pípa ara ẹni ní èèwọ̀, kò sì fi àsìkò ẹnikẹ́ni sọ́wọ́ ọmọ aráyé. Kódà nínú ara, bí ikú sẹ́ẹ̀lì bá yá ju àsìkò lọ, àrùn ni: bẹ́ẹ̀ ni ti ọpọlọ àwọn àgbàlagbà wa tí wọn kò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ bá wú, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ eyín tàbí ọ̀rọ̀ ayé. Kókó yìí ń yára dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń yára gbọ́ oògùn pẹ̀lú. Oògùn náà a mú kí sẹ́ẹ̀lì gba ikú tí ó ti kọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tètè gbé wá ni ara wọn sì ń yá. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ẹ má dúró de Jímọ̀ mìíràn. Ẹni tí owó ọkọ̀ bá ni lára, kí ó rí wa lẹ́yìn ìrun.