Ta ni ó di òṣùwọ̀n mú?

Bí a bá lọ ra gàrí ní ọjà Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, ojú wa ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. A rí igbá ìwọ̀n. A rí i bóyá ó kún tàbí kò kún. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó ní: «Ìyá, ẹ fi díẹ̀ sí i.» Ìjà kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tí ń tà àti ojú ẹni tí ń rà ń bẹ lára òṣùwọ̀n kan náà.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Mégà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Mégà kò ṣe é fi ojú rí, kò ṣe é fi ọwọ́ gbé. Ilé iṣẹ́ tí ó ń tà á ni ó di òṣùwọ̀n mú, òun náà ni ó sì ń ka iye tí a lò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sanwó kí á tó lò ó. A ra forfait ní àárọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, wọ́n ní ó ti tán. Àwa ní a kò lò ó. Àwọn ní a lò ó. Ta ni kí á gbà gbọ́?

Àwọn àgbà ní: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹjọ́ apá méjèèjì.

Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà kò jalè. Tẹlifóònù òde òní lè máa jẹ mégà láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án. Ọmọdé sì lè gbà á wo fídíò, bẹ́ẹ̀ ni fídíò ń jẹ mégà ju ọ̀rọ̀ kíkọ lọ púpọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọmọ òun ni ó lò ó, tí ó wá ń pariwo pé wọ́n ja òun lólè, irọ́ ni ó ń pa.

Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ká ní wọ́n yọ 25 fráǹkì fún ìròyìn bọ́ọ̀lù tí a kò bèèrè. Ẹnìkan lè ní: «Kí ni 25 fráǹkì?» Ẹ ṣírò ó. Bí wọ́n bá gba 25 fráǹkì lọ́wọ́ ènìyàn 100.000, ó di 2.500.000 fráǹkì. Ohun kékeré tí a gbà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀ kì í ṣe ohun kékeré mọ́.

Ní tèmi, ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi òtítọ́ hàn. Kì í ṣe nítorí pé ó lówó. Nítorí pé òun ni ó ń rí ohun tí a ń jà lé lórí ni. Ẹni tí kò rí igbá, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé igbá kò kún?

Ṣùgbọ́n àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi owó orí 5 fráǹkì lé mégà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Owó orí ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùtà. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn lè ṣírò rẹ̀: mégà 1.000, 5.000 fráǹkì. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba fi mú un kúrò. Ẹni tí ó mọ iye, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo.

Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra forfait sílẹ̀, àti iye owó, àti iye mégà. Ẹ ka SMS tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ náà. Ẹ má bú ọmọ tí ó jókòó níbẹ̀. Òun kọ́ ni ó di òṣùwọ̀n mú. Bí wọn kò bá dáhùn, ARCEP ni àjọ tí ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ mú ẹ̀sùn lọ bá wọn.

Ó ku ìbéèrè kan, kí á jọ rò ó. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi 2.000 fráǹkì kún tiwa, ṣé a ó sọ fún wọn? Ẹni tí ó fẹ́ òṣùwọ̀n òtítọ́, kí ó fẹ́ ẹ nígbà tí ó gbè é, kí ó sì fẹ́ ẹ nígbà tí kò gbè é.