Ta Ni Ó Ni Ooru Tí A Lé Kúrò Lórí Ibùsùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí so omi, ìtutù àti ìwà pọ̀ mọ́ ara wọn. Nínú rẹ̀, ìtutù kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn bọ́ sí. Èrè ohun tí ó ti ṣe sílẹ̀ ni. Ní ayé òde òní, àwọn kan ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń da omi, kì í ṣe síwájú, bí kò ṣe sí abẹ́ ara wọn, kí ooru má baà jí wọn lóru. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí gbé ìbéèrè kan dìde tí ó ju ọ̀rọ̀ ibùsùn lọ: nígbà tí ẹnì kan bá lé ooru kúrò lára rẹ̀, ta ni ó ni ooru náà láti ìgbà náà lọ?

Ẹ̀rọ náà kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọjà Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀. Ìtẹ́lé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a ń tẹ́ sórí fóòmù, tí a sì ń fi aṣọ ibùsùn bò. Àwọn rọ́bà tín-ín-rín tí omi ń gbà kọjá ni ó wà nínú rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí ó ń mú omi náà tutù, tí ó sì ń tì í lọ, tí ó ń fà á bọ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Omi tútù ń wọlé, ó ń gba ooru ara ẹni tí ó sùn, ó sì ń gbé e padà sínú àpótí. Àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí lè mú omi tutù dé nǹkan bí 13°C. Ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn kì í ṣe tuntun. Ní 1832, Neil Arnott, dókítà ará Scotland, ṣe ibùsùn olómi ní London fún àwọn aláìsàn tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ti dá egbò sí lára. Àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní 1969 pẹ̀lú wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí omi ń ṣàn nínú rọ́bà rẹ̀, nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tí yóò gba ooru lára wọn. Ìtọ́jú àti àìgbọdọ̀máṣe ni ọ̀rọ̀ omi lábẹ́ ara fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fáàrí.

Gírámà ní ohun tí ó lè sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa wí pé òun gbóná. Elédè Faransé a ní òun ní ooru. Elédè Hausa, nígbà tí ó bá sọ pé ‘ina jin zafi’, ń wí pé òun ń gbọ́ ooru, pé òun ń mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ Yorùbá ní tirẹ̀ a ní ‘ooru ń mú mi’. Ooru ni olùwà gbólóhùn náà, ènìyàn ni àbọ̀. Bákan náà ni a ń wí pé ‘oorun ń kùn mí’. Fáwẹ̀lì ìparí nìkan ni ó ya ooru àti oorun sọ́tọ̀, ó jẹ́ àìránmúpè nínú ọ̀kan, ó jẹ́ àránmúpè nínú èkejì. Ènìyàn sì wà láàárín wọn bí ẹni tí àwọn méjì ń fà lọ́wọ́ mọ́ra. Gírámà kì í ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n ó ń ránni létí pé ẹni tí ooru mú kọ́ ni ó pe ooru.

Ìmọ̀ nípa ara ènìyàn ti èyí lẹ́yìn. Bí oorun bá ń bọ̀, ìgbóná inú ara a máa lọ sílẹ̀, títí tí yóò fi dín ní nǹkan bí 1°C láàárín òru. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ara gbọ́dọ̀ rí ibi tú ooru sí. Ní 1999, Kurt Kräuchi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, fi hàn pé ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá móoru ni oorun ń tètè gbé lọ, nítorí pé àmì ni ó jẹ́ pé ara ti ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀. Bí yàrá bá wá gbóná tó ara, ooru náà kò ní rí ọ̀nà gbà jáde, oorun yóò sì já. Ọ̀rọ̀ àwọn kan tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró, tí ooru òjijì ń bò mọ́lẹ̀ lóru, aláìsàn tí oògùn tí ó ń lò ń mú un làágùn títí aṣọ ibùsùn yóò fi rin. Ẹni tí ó bá ń wo irú wọn bí akẹ́rabàjẹ́ ń ṣi ẹjọ́ dá.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí a gbọ́. Àwọn kan yóò ní àwọn baba ńlá sùn nínú ooru, wọn kò sì kú. Pé ara tí a kò jẹ́ kí ó mọ ìnira kò lè mọ ìfaradà. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn baba ńlá pẹ̀lú wá ìtutù. Wọ́n mọ ògiri amọ̀ tí ó nípọn, wọ́n fi àmù sí ìgun ilé, wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àwọn ìlú Sahel, orí òrùlé pẹrẹsẹ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé ẹní wọn lọ bí ilẹ̀ bá ṣú. Nítorí náà, wíwá ìtutù kì í ṣe àṣà àjèjì. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí ooru ń lọ. Ẹni tí ó sùn sí àgbàlá jọ̀wọ́ ooru rẹ̀ fún ojú ọ̀run. Kò sí ẹni tí ó tì í sí lọ́rùn.

Ẹ̀rọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru kì í kú. Ó ń ṣí kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn ni. Ní 1834, Jean Peltier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé bí iná mànàmáná bá gba ojú ibi tí irin méjì tí kò jọra ti pàdé kọjá, ojú kan lè tutù, ṣùgbọ́n ojú kejì gbọ́dọ̀ gbóná. Ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ń lò. Kì í ṣe ooru ara ẹni tí ó sùn nìkan ni wọ́n ń fẹ́ jáde. Iná tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ń di ooru. Gbèsè tí ó ń jáde lẹ́yìn àpótí a máa ju ìtura tí ó wọ abẹ́ aṣọ lọ nígbà gbogbo. Èdè wa bo àṣírí yìí mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí a pe ẹ̀rọ inú yàrá ní ‘amúlétutù’, orúkọ náà sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ilé. Ó dákẹ́ nípa ohun tí ó ń ṣe fún òde. Òtítọ́ ni pé amúlétutù ni, ó sì tún jẹ́ amóde-gbóná.

Láti orí ibùsùn ni ìwádìí ìwà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya kan lè wà tí ooru ń mú ọ̀kan, tí òtútù sì ń mú èkejì. Bí wọ́n bá fi fáànù tàbí amúlétutù yanjú rẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìyà kí èkejì lè sùn. Ìtẹ́lé olómi pín ibùsùn sí méjì, ó fún oníkálùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn kan lè kẹ́dùn pé èyí mú ìfaradà kúrò láàárín lọ́kọláya. Ṣùgbọ́n ìfaradà tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe lójoojúmọ́ kì í ṣe ìfaradà mọ́, ìrẹ́jẹ ni. Ohun tí ó yẹ kí a bi ẹni tí ó ni àpótí ni pé: níbo ni ó ń fẹ́ sí? Inú yàrá kan náà ni. Bí ọmọ tàbí olùtọ́jú bá sùn sórí ẹní nítòsí rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú àpótí náà ni yóò máa mí sínú di òwúrọ̀. Oorun ẹnì kan ti di àìsùn ẹlòmíràn nínú ilé kan ṣoṣo.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá a máa ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona gbé iṣẹ́ jáde lórí ìlú Phoenix, wọ́n sì rí i pé ooru tí àwọn amúlétutù ń fẹ́ síta lè fi ohun tí ó ju 1°C kún ìgbóná òru ní àwọn ibì kan nínú ìlú náà. Bí òde bá ṣe ń gbóná sí i ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ sí i, bí ẹ̀rọ bá sì ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ni òde ń gbóná sí i. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ni ó ń san owó tí kò jẹ. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan wà tí àwọn ènìyàn sọ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ‘mo sàn ju aládùúgbò mi lọ’. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ náà ṣe, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ nípa ìtura tí a fi ariwo àti èéfín rà, tí aládùúgbò sì ń gbọ́ ọ, tí ó ń fà á símú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àwàdà ni Mali. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìgbóná ní ìlú Kayes dé 48.5°C. Ní Bamako, níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ilé ìwòsàn Gabriel Touré kéde pé ènìyàn 102 kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú oṣù náà. Ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kì í ṣe gbogbo ikú wọ̀nyẹn ni a lè fi dá ooru nìkan lẹ́bi, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó tí òru pàápàá kò tutù fún kò rí ibi sinmi sí. Ní 2022, Kelton Minor àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí oorun àwọn àgbàlagbà tí ó ju 47,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 68. Wọ́n rí i pé òru gbígbóná ń dín oorun kù níbi gbogbo, pé ó sì ń gba oorun lọ́wọ́ àwọn arúgbó àti àwọn tí ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ ju bí ó ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn yòókù lọ. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ayé tí àwọn kan ti ń yan ìwọ̀n ìtutù ibùsùn wọn, tí àwọn mìíràn ń kú nítorí àìsí fáànù, jẹ́ àjọjẹ tí adùn rẹ̀ ti sọnù.

Ṣé kí ẹni tí ó ní ìtẹ́lé olómi wá kó o dànù? Bí obìnrin kan ní Chicago bá pa tirẹ̀, fáànù arúgbó kan ní Bamako kò ní yí nítorí rẹ̀. Àbùjá ni irú ìrúbọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ọkàn ẹni tí ó ṣe é balẹ̀, kò sì kan ẹni tí ìyà ń jẹ. Kódà, ìtẹ́lé olómi lè ṣe ìwà ju amúlétutù lọ, bí ó bá rọ́pò rẹ̀. Ara ènìyàn kan ni ó ń mú tutù, kì í ṣe ògiri, àpótí aṣọ àti àga tí kò sun oorun. Ẹni tí ó ń tọrọ ohun tí ó tó o nìkan kò jọ ẹni tí ó ń kó gbogbo agbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e lé orí amúlétutù tí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwáwí yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn sì wà tí a lè gbà ronú sí ìtutù. Olùkọ́ kan ní àríwá Nàìjíríà, Mohammed Bah Abba, lo ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ìkòkò ńlá, ó fi iyanrìn tí omi rin sí àárín wọn. Bí omi náà ti ń gbẹ ni ohun inú ìkòkò ń tutù, tí tòmátì àti ẹ̀fọ́ àwọn àgbẹ̀ ń pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní 2000. Ìkòkò yìí kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún ọ̀rinrin, kò sì sí ẹni tí yóò sùn sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ètò ìbéèrè. Bah Abba kò kọ́kọ́ bèèrè bí ìtutù ṣe lè pọ̀ tó fún ẹni tí ó lówó. Ó bèèrè bí ìtutù díẹ̀ ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní iná.

Nítorí náà, ẹni tí ó lé ooru kúrò lára rẹ̀ ṣì ni ó ni ín. Kò di ti ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ti kọjá ojú fèrèsé. Ẹ̀tọ́ ènìyàn ni kí ó sùn. Kò sí ìwà ọmọlúàbí nínú fífi oorun du aláìsàn tàbí arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò pé títí yóò fi bèèrè ta ni ó sùn sí ẹ̀yìn àpótí, àti ta ni kò ní àpótí rárá. Nínú òwe àwọn àgbà, iwájú ni a ń da omi sí, kì í ṣe abẹ́ ara ẹni. Ojú ọ̀nà sì ni iwájú, ẹlòmíràn lè tẹ ibẹ̀ kí ẹni tí ó da omi tó dé e.