Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọ Ilé?

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Gbogbo wa ni a gbà pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kò sí ẹni tí ń jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará ìletò bá pa owó àti agbára wọn pọ̀ láti kọ́lé fún ara wọn, ilé ẹnìkan ni yóò kọ́kọ́ parí. Ní ọjọ́ tí ẹni náà bá kó wọlé, kí ni ó kù tí ó jẹ àwọn tí kò tíì ní? Èyí ni ọ̀ràn tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí.

Àwọn baba wa mọ bí a ti ń fi ọwọ́ púpọ̀ kọ́ ilé. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ mọ ilé, a bẹ ọ̀wẹ̀: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn àna rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ a wá. Àwọn kan a gbẹ́ amọ̀, àwọn kan a pọn omi, àwọn mìíràn a po amọ̀, wọn a sì mọ ọ́n ní ìpele ìpele títí ògiri yóò fi dúró. Onílé kì í san owó iṣẹ́. Oúnjẹ àti ẹmu ni ó ń pèsè. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wọn mọ̀ láìsọ: ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá bẹ ọ̀wẹ̀, ẹni tí a ti bá ṣe kò gbọdọ̀ ṣàìlọ.

Nígbà tí páànù àti sìmẹ́ńtì dé, ọ̀ràn náà yí padà. Inú ilẹ̀ ni a ti ń gbẹ́ amọ̀, inú igbó ni a sì ti ń ṣá koríko, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra páànù. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe yíjú sí èsúsú, àti sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí tí Ìjọba ṣe òfin fún ní Nàìjíríà ní ọdún 1935. Ọ̀nà rere ni ọ̀nà wọ̀nyí. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ mẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n mọ ògiri wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń dá owó jọ lóṣooṣù kí wọn lè máa kan páànù sí ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìíní gbà, ẹni kejì gbà, ẹni kẹta gbà. Nígbà tí ó kan ẹni kẹrin, ẹni kìíní wí pé owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òun ti dé. Ẹni kejì wí pé iṣu òun kò ta. Òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé kò lè dúró fún òjò. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń padà di ilẹ̀. Ẹni kìíní lè wí pé òun kò jí ohun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ẹlòmíràn ni ó ń sùn.

Ó yẹ kí a wo bí àwọn ará ibòmíràn ti ṣe sí irú ọ̀ràn yìí. Ní ilẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn alágbàṣe wà tí ń ṣiṣẹ́ ní oko olóko, tí owó ọ̀yà wọn kò sì tó kọ́ ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn onígbàgbọ́ tí à ń pè ní Quakers dúró tì wọ́n ní ìletò Goshen, ìdílé mẹ́ta sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé níbẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni a ti dá ẹgbẹ́ Self-Help Enterprises sílẹ̀ ní Visalia ní ọdún 1965. Ìdílé bíi 10 sí 12 a máa kó ara wọn jọ. Ìjọba a yá wọn ní owó ilẹ̀ àti ohun èlò. Ìdílé kọ̀ọ̀kan a sì máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 40 wákàtí lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọdún kan. Bí a bá pín iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà sí ọ̀nà 100, ó tó 65 tí àwọn fúnra wọn ń ṣe. Òógùn wọn ni ó dúró fún owó ìbẹ̀rẹ̀ tí tálákà kò ní. Ó ju 6,000 ìdílé lọ tí wọ́n ti di onílé lọ́nà yìí. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà láàrin wọn: kò sí ìdílé kan tí ó gbọdọ̀ kó wọ ilé rẹ̀ títí a ó fi parí ti gbogbo wọn.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ǹjẹ́ èyí tọ́? Ó ṣe jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ yá ni yóò máa dúró de ẹni tí ń lọ́ra? Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Kí ni ìdí rẹ̀ tí opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi máa sùn nínú ilé tí ń jò, nígbà tí ilé titun ti wà tí ó ṣófo? Ìbéèrè yìí ní agbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn wà nínú Ìwé Númérì, orí 32. Àwọn ọmọ Rúbẹ́nì àti Gádì rí ilẹ̀ tiwọn gbà ní ìhà ìhín Jọ́dánì kí àwọn arákùnrin wọn tó ní nǹkan kan. Mósè bínú, nítorí ó rò pé wọn yóò jókòó ti ìní wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò fi àwọn ọmọ àti ẹran ọ̀sìn àwọn sí ibi ààbò, àwọn ọkùnrin yóò sì di ìhámọ́ra kọjá odò, àwọn kì yóò sì padà sí ilé títí olúkúlùkù yóò fi ní ìpín tirẹ̀. Ẹ kíyèsí i: Mósè kò ní kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà nínú òjò. Ìsinmi àwọn alágbára ni a sún síwájú. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, Jóṣúà ni ó dá wọn sílẹ̀. Wọn kò dá ara wọn sílẹ̀.

Mo gbà nígbà náà pé ọ̀nà méjèèjì lè tọ́. A lè dúró kí gbogbo wa wọlé pọ̀, bí àwọn ará California. A sì lè wọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí aláìlera ṣáájú, kí ẹni tí ó lè fara dà á sì kẹ́yìn. Nítorí bí ẹni tí kò ní agbára bá kẹ́yìn, ta ni yóò fi ipá mú àwọn tí ó ti wọlé? Ẹni tí ó bá sì ti wọlé, kí ó má ṣe gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ̀yin ni a sábà máa ń fi ìwé owó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ka orúkọ, ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tí ó ti parí, títí òrùlé ẹni ìkẹyìn yóò fi dé orí ògiri rẹ̀. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ọkàn tí kì í sinmi kí arákùnrin rẹ̀ tó sinmi. Àmín.