Ìwà Ọmọlúàbí Nídìí Póókà

Nínú póókà Texas Hold'em, káàdì méjì ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Márùn-ún mìíràn wà ní gbangba tí gbogbo wọn jọ ń lò. Bí ẹnì kan bá mú Ace méjì, tí ẹnìkejì mú King méjì, tí wọ́n sì kó gbogbo owó wọn sílẹ̀, nínú ìgbà márùn-ún, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ẹ̀ẹ̀kan tí oní-King yóò borí. Oní-Ace kò ṣe àṣìṣe kankan, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti lọ. Ibi tí ènìyàn ti ṣe ohun tó tọ́ tó sì pàdánù ni a ti ń dá ọmọlúàbí mọ̀.

Gbajúmọ̀ ni Phil Hellmuth nídìí eré yìí. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó borí nínú ìdíje àgbà World Series of Poker ní Las Vegas lọ́dún 1989, tó gba ipò náà lọ́wọ́ Johnny Chan tó ti gbà á ní 1987 àti 1988. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdánù, a máa pariwo, a sì máa sọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹni tó fi káàdì tí kò lágbára borí rẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní Poker Brat, ìyẹn ọmọ àkẹ́bàjẹ́ póókà, òun náà sì fi orúkọ yẹn pe ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Àwọn kan á ní ẹni tó ń borí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìwà pẹ̀lẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó borí rẹ̀ kò rú òfin, kò sì rẹ́ ẹ jẹ; kí ló wá fa èébú? Ọgbọ́n orí lọ́tọ̀, ìwà lọ́tọ̀.

Ìbínú a máa ná ni lówó pẹ̀lú. Ẹni tí inú ń bí kì í fẹ́ sọ káàdì burúkú nù mọ́. Á fẹ́ gba ohun tó sọnù padà lójú ẹsẹ̀, á sì máa bu owó lé owó. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ayọ̀ àyọ̀jù kò sàn jù ú lọ: ẹni tó jẹ léraléra á gbàgbé pé oríire wà níbẹ̀.

Ẹ wo Stu Ungar. Ó gba ìdíje àgbà yìí kan náà ní 1980, 1981 àti 1997. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni ẹ̀bùn ti ìkẹyìn. Tẹ́tẹ́ ẹṣin àti oògùn olóró gbé owó rẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá ilé ìtura kékeré kan ní Las Vegas. Ọmọ ọdún 45 ni. Ẹni tó mọ èrò ọkàn àwọn tó jókòó tì í kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ọmọlúàbí á ti mọ iye tó lè pàdánù kó tó jókòó. Owó oúnjẹ àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kò sí nínú rẹ̀. Kì í di ẹ̀bi ru ẹni tó ń pín káàdì. Bí inú rẹ̀ bá ti gbóná, á dìde. Ìwọ tó ń ta póókà, yálà nílé tẹ́tẹ́ l'Ékòó tàbí lórí fóònù, bí o kò bá lè pàdánù kí o sì kí ẹni tó borí rẹ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, má jókòó síbẹ̀ rárá.