Àṣà Yàtọ̀ sí Ìwọ̀sí

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òbí púpọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà nílùú Ìbàdàn ló ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọmọ tó ń lọ kàwé nílùú òyìnbó, ohun tí wọ́n sì ń fi sọ ni pé ohunkóhun tó bá bá lọ́hùn-ún ni kó máa ṣe. Èmi ò rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Àṣà onílé ló yẹ kí àlejò kọ́. Kò sídìí tí ìwọ̀sí fi gbọdọ̀ mọ́ ọn lára. Mímọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì niṣẹ́, torí àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ẹ wo ọmọ tí wọ́n tọ́ ní agboolé kan nítòsí Ọjà'ba. Bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Kì í pe àgbà lórúkọ, kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó dé kíláàsì ní Leeds, olùkọ́ ní kó máa pe òun lórúkọ, kó sì sọ ibi tí kò ti gbà pẹ̀lú òun. Ọmọ dákẹ́, ó wolẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún olùkọ́; lójú olùkọ́, kò kàwé wá. Kò sẹ́ni tó rí ẹnì kan fín nínú àwọn méjèèjì. Ti iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó ti ń há ìwé sórí láti kékeré yóò da ọ̀rọ̀ olówó ọ̀rọ̀ kọ láìdárúkọ ẹni tó ni ín, yunifásítì yóò sì kà á sí olè. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu rárá. Ta ló ń pòwe níwájú àgbà láìsọ pé tótó, ó ṣe bí òwe? Àwa náà kò gbà kí ọmọdé sọ ọ̀rọ̀ àgbà di tara rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú lọ́hùn-ún ti bàjẹ́ kó tó délé. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ já wọn nírọ́. Ní nǹkan bí 1829, àgọ́ ogun ni ìlú yìí, tí ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá jọ tẹ̀dó sí. Wọ́n jà o, àwọn Ẹ̀gbá tilẹ̀ kó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró di ará Ìbàdàn pátápátá, títí dòní agboolé wọn sì mọ ìlú tí baba ńlá wọn ti wá.

Àtakò tó wúwo ni ti ẹni tó béèrè pé ṣé ìyà tí wọ́n bá fi jẹ wá náà la ó fara mọ́. Rárá. Ládìípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé London ní 1922 láti kọ́ iṣẹ́ òfin. Ó kọ́ òfin wọn ó sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onílé ò fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé, kò pe ìyẹn ní àṣà. Ní 1925, òun àti Bankole-Bright ará Sàró wà lára àwọn tó dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó wá rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 sí 1932, ó ń gbowó jọ. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé tiwọn ní Camden ní London, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dé sí. Bí ohun kan bá kan gbogbo kíláàsì, àṣà ni. Bó bá jẹ́ ìwọ àtàwọn tó jọ ọ́ nìkan ló ń kàn, ìwọ̀sí ni, kí o wá àwọn tẹ́ ẹ jọ máa kọ̀ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kẹ́ ẹ tó sin ọmọ dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ẹ fi èyí kún àdúrà yín: kó tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ iṣẹ́ níbẹ̀, kó sì wá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kí ìṣòro tó dé.