Ǹjẹ́ Ẹnì Kan Ń Gbọ́?

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé Àjíǹde ni òní, ìtàn Tọ́másì ni a ó sì kà létí gbogbo ìjọ. Lọ́dọọdún ni a ń kà á, lọ́dọọdún náà ni a sì ń bá Tọ́másì wí. Àwọn ọmọdé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá ti mọ orúkọ àbùkù tí a fún un, Tọ́másì Oníyèméjì. Ó wù wá láti fi ojú-ìwé yìí sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iyèméjì, kì í ṣe láti bá ẹnikẹ́ni wí, bí kò ṣe nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a gbọ́ nínú yàrá akọ̀wé ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, èyí tí kò tíì jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ yàrá náà rí mọ̀ pé ìwé ńlá méjì ni ó wà lórí tábìlì ibẹ̀, ìwé ìsàmì àti ìwé ìsìnkú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí àwọn akọrin ti ń kọ́ orin lọ́wọ́, arákùnrin kan nínú ìjọ wa wọlé, ó ní òun wá kí a kọ orúkọ ọmọ òun sílẹ̀. A kò ní dárúkọ arákùnrin náà. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti aya rẹ̀ fi wojú Ọlọ́run kí ọmọ náà tó dé, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ń jẹ́rìí pé Olúwa gbọ́ ohùn àwọn. Ọwọ́ wa yìí náà ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìsàmì ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni ó mú un lọ. A ṣí ìwé kejì, a kọ orúkọ náà. Arákùnrin náà wò ó títí tí yíǹkì fi gbẹ, ó sì wí pé, “Akọ̀wé, gbogbo ìwàásù ni ẹ ń gbọ́, ẹ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ń gbọ́?”

A ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run yóò tù yín nínú.” Ó dúpẹ́, ó jáde. Bí a sì ti ń sọ ọ́ ni a ti mọ̀ pé ohun tí ó bèèrè kọ́ ni a dáhùn.

Kì í ṣe pé ó ṣe aláìní olùdáhùn. Àwọn ìyá àgbà sọ fún aya rẹ̀ pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú àtijọ́ ni èyí, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ẹni tí ó fún ni ní ọmọ ni ó gbà á padà. Ẹnì kan, kí Ọlọ́run dárí jì í, bi í léèrè bóyá ó ń san ìdámẹ́wàá rẹ̀ pé. Nígbà tí a gbọ́ èyí, inú bí wa ju bí ó ti yẹ kí inú bí akọ̀wé ìjọ lọ.

Ní kíláàsì Bíbélì àwọn ọ̀dọ́, àwa pàápàá ti gbìyànjú láti fi ẹ̀rí hàn pé Ọlọ́run wà. A sọ àkàwé tí William Paley, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sínú ìwé rẹ̀ ní 1802: bí ènìyàn bá bá aago pàdé nínú pápá, kò ní rò pé ó hù bí koríko, yóò mọ̀ pé ẹnì kan ni ó ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kàwé ní yunifásítì dìde, ó ní kí a má bínú, ṣùgbọ́n láti 1859 ni Charles Darwin ti ṣàlàyé bí àwọn ohun abẹ̀mí ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ń gbẹ́ wọn bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a kò sì bá a wí. A dá a lóhùn pé ọ̀pọ̀ Kristẹni ni ó gba ẹ̀kọ́ Darwin gbọ́ tí wọn kò sì fi Ọlọ́run sílẹ̀, àti pé bí a tilẹ̀ mọ̀ pé ayé òun ìsálú ọ̀run ti wà láti nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8 sẹ́yìn, a kò tíì mọ ìdí tí ohunkóhun fi wà dípò kí ohunkóhun má sí rárá. Òun náà béèrè pé ta ni ó wá dá Ọlọ́run. Báyìí ni a ń bá a lọ títí agogo fi lù.

Èrò tiwa ni pé àríyànjiyàn yìí kò lè tán láéláé. Onígbàgbọ́ kò lè mú Ọlọ́run jáde bí ẹni mú owó jáde nínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni aláìgbàgbọ́ kò lè yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ ayé wò tán kí ó wá sọ pé òun kò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ pé a borí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Èrè wo ni yóò jẹ́ fún bàbá tí ó dúró níwájú tábìlì wa? Ẹni tí ó ṣe aago lè ṣe é tán kí ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Arákùnrin wa kò bèèrè bóyá ẹnì kan ṣe aago. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

Ìbéèrè méjì ni èyí, àwọn baba wa sì mọ ìyàtọ̀ wọn jù wá lọ. Olóògbé Bọ́lájí Ìdòwú, ẹni tí ó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ wa, kọ ìwé kan lórí Olódùmarè ní 1962, ó sì tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé wíwà Rẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń jiyàn lé lórí. Wọn kì í kọ́ ilé fún Un bí wọ́n ti ń kọ́ fún òrìṣà, síbẹ̀ orúkọ Rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wọn. Ti ìgbọ́ràn ni ó ń dà wọ́n láàmú. Ẹ wo àwọn orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú ọmọ mìíràn: Dúrósinmí, Báńjókòó, Kòkúmọ́, Kásìmáawòó. Àwọn orúkọ wọ̀nyí wà nínú ìwé ìsàmì àtijọ́ ìjọ wa, pẹ̀lú ọwọ́ àlùfáà lábẹ́ wọn. Ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Kásìmáawòó kò sọ pé Ọlọ́run kò sí. Kò sì díbọ́n pé ọkàn òun ti balẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ibi omi ìsàmì pẹ̀lú orúkọ bẹ́ẹ̀, àlùfáà sì gbà á. Ní òde òní, gbogbo orúkọ tí a ń kọ ni ó dájú. A kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ wa ni ó pọ̀ sí i tàbí ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí a sọ̀rọ̀.

Òwe kan wà tí a fi tọ́ gbogbo wa dàgbà, pé mààlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ni í bá a lé eṣinṣin. Ní ilé, lọ́hùn-ún, bóyá ènìyàn lè pa òwe yìí títí kí ó má fi ojú rí irú mààlúù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òkè Jos ni a wà, àwọn Fúlàní darandaran sì ń gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ní ọjọ́ kan a rí ọ̀kan tí ìrù rẹ̀ ti gé. Eṣinṣin bò ó láti ìdí dé èjìká. Ọmọdé kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa béèrè pé Ọlọ́run tí ń lé eṣinṣin dà. Bí a ti ń wá èsì, ọmọ darandaran tí ó wà lẹ́yìn agbo já ẹ̀ka igi, ó sì ń fi lù wọ́n dànù bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí a sọ ìtàn yìí fún àlùfáà, ó ní ìdáhùn náà nìyẹn. Bóyá ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí eṣinṣin náà kí a tó rí ọmọ, a sì mọ̀ pé màlúù mìíràn wà tí kò ní darandaran rere.

Ìbéèrè arákùnrin wa kò ṣe àjèjì sí àwa fúnra wa. Ọmọdé ni àwa tí a ń kọ ìwé yìí nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí Kristẹni àti Mùsùlùmí sì lọ sí i. Bàbá wa tì wá mọ́ yàrá, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ìyá wa sì ń gbàdúrà. A yọ. Ní ilé kejì sí tiwa wọ́n ń gbàdúrà bákan náà, nítorí ohùn wọn ń ti ara ògiri dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kò yọ. Lọ́dọọdún ni ìyá wa ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà òun, a sì ń bá a gbé igbá ọpẹ́ lọ sí iwájú pẹpẹ. A kò tíì lè gbọ́ ẹ̀rí náà rí kí a má ronú kan ilé kejì.

Àwọn ẹlòmíràn ti ronú bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa, ní ibi tí ó jìnnà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, tí í ṣe Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgà. Òwúrọ̀ ni, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà, a sì ti tan àbẹ́là. Àwọn ilé ìsìn wó lu àwọn olùsìn; omi òkun ru wọ ìlú; iná sì jó èyí tí ó kù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kú. Àlùfáà kan tí ń jẹ́ Malagrida kọ ìwé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fà á. Voltaire, akọ̀wé ará Faransé, kọ ewì láti tako irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ọmọ ọwọ́ dá. Voltaire kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìjọ, a kò sì ní sọ ọ́ di wòlíì níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a yan ẹni tí yóò bá arákùnrin wa jókòó nínú àwọn méjèèjì, Voltaire ni a ó yàn.

Ìwé Jóòbù ni ó fún wa ní ìgboyà láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kò dẹ́kun gbígbèjà Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni a lè wàásù rẹ̀ lórí àga ìwàásù kí ìjọ sì ṣe àmín. Jóòbù ní tirẹ̀ ń ṣe àròyé, ó ń pe Ọlọ́run lẹ́jọ́, ó tilẹ̀ fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ré. Nígbà tí Ọlọ́run sì sọ̀rọ̀ níkẹyìn, lóòótọ́ Ó fi ìbéèrè pa Jóòbù lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n àwọn agbèjà Rẹ̀ ni Ó bínú sí, Ó sì ní Jóòbù ni yóò gbàdúrà fún wọn. Ó pẹ́ kí èyí tó yé wa. Ẹni tí ó bi arákùnrin wa léèrè ìdámẹ́wàá, kí ó lọ ka orí kejìlélógójì ìwé náà.

A gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé ìgbàgbọ́ tí ó péye kì í ní irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Kí ni wọn yóò sọ nípa Ìyá Teresa ti Calcutta, tí a fún ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1979? Ní 1997 ni ó kú. Nígbà tí a tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 2007, ni ayé mọ̀ pé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni obìnrin yìí fi ń gbàdúrà tí kò mọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run wà nítòsí. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni ó ń dìde tí ó ń lọ gbé àwọn tí ń kú lọ sí ojú pópó.

Bí ẹ bá wá bi wá léèrè, ẹ̀yin ará, àwa gbàgbọ́. A kò ní ẹ̀rí tí a lè fi lé tábìlì. Ohun tí a mọ̀ kò ju èyí lọ: ní òru tí a bínú jù, tí a pinnu pé a kò ní gbàdúrà mọ́, Ọlọ́run náà ni a ń bá sọ pé a kò ní gbàdúrà mọ́. Arákùnrin wa lè gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ sí ọjà tàbí sí ibi iṣẹ́. Ó gbé e wá sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. A mọ̀ dájú pé èyí kò tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin yunifásítì wa yóò sọ pé òùngbẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé omi wà nítòsí, a kò sì ní lè sọ pé irọ́ ni.

Kí a padà sọ́dọ̀ Tọ́másì. Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí a máa ń kà kọjá. Láàrin ìgbà tí Tọ́másì sọ pé òun kò gbà àti ìgbà tí Olúwa fara hàn án, ọjọ́ mẹ́jọ ni ó kọjá. Níbo ni ó wà ní ọjọ́ mẹ́jọ náà? Inú ilé kan náà, pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá tí ayọ̀ kún inú wọn. A kò kà á pé wọ́n lé e jáde, tàbí pé wọ́n gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dájú pé wọ́n jẹun pọ̀. Ó ṣòro fún Tọ́másì láti jókòó láàrin wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ó ṣòro fún wọn láti máa wo ojú rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọrin. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti lé e lọ ní ọjọ́ kẹta, kì bá tí wà nílé.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú Lẹ́ǹtì, arákùnrin wa tún wá sí ìsìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì etí ìlẹ̀kùn. Nígbà tí a dìde láti ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ó dìde pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Kò dúró gba ìbùkún. Lẹ́yìn ìsìn, ẹni tí ń ka iye ènìyàn mú ìwé rẹ̀ wá, ó ní 214. A bi í bóyá ó ka arákùnrin etí ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ní rárá, pé ọkùnrin náà ti lọ kí òun tó dé ẹ̀yìn. A kọ 215.